Bí ẹ ṣe lè wọn cortisol nínú itọ́ ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́

Ọwọ́ ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ gan-an ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Bí ẹ bá lé ewúrẹ́ yí ọgbà ká kí ẹ tó gún un lábẹ́rẹ́, ìpayà lílé yẹn lẹ máa wọ̀n, ẹ ò ní mọ bí ara rẹ̀ ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yà ara kékeré kan tí wọ́n ń pè ní adrenal, tó wà lórí kíndìnrín, ló ń tú cortisol, èròjà tí ara fi ń kojú ìpayà, sínú ẹ̀jẹ̀. Bí àyà ẹran bá já, láàárín ìṣẹ́jú bíi mẹ́ta ó ti ń gòkè. Torí náà, kí ẹnì kan mú aago dání: láti ìgbà tí ọwọ́ bá kan ẹran títí ẹ̀jẹ̀ á fi jáde, kó má ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ẹ kọ àkókò náà sílẹ̀, pàápàá bó bá lé.

Ní ti ẹlẹ́dẹ̀, itọ́ la fara mọ́, torí kò sí pé à ń dè é mọ́lẹ̀. Ẹ so òwú mọ́ okùn tó yi kó má baà gbé e mì, kí ẹ jẹ́ kó máa jẹ ẹ́ lẹ́nu títí yóò fi rin gbingbin. Ìṣẹ́jú kan sábà máa ń tó. Ẹ ti máa fi òwú náà mọ̀ ọ́n lójú ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Kó má jẹun ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó ṣáájú, ẹ má sì fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ṣúgà tàn án, torí kíkan ọsàn máa ń da àyẹ̀wò rú. Bí itọ́ bá pọ́n díẹ̀, ẹ dà á nù: cortisol inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ ju ti itọ́ lọ fíìfíì, ẹ̀kán kan lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ fi centrifuge, ẹ̀rọ tó ń yí nǹkan kíákíá, yí òwú náà ní 1,500 g (agbára yíyí ni g yìí, kì í ṣe gíráàmù) fún ìṣẹ́jú 10. Bí itọ́ bá ń fà bí ilá, ẹ gbé e sí fírísà kó dì, ẹ jẹ́ kó yọ́, kí ẹ tún un yí.

Ti ewúrẹ́, ẹ dì í mú láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Dídá a yà sọ́tọ̀ nìkan ti tó láti dẹ́rù bà á. Ẹ fá irun ẹ̀gbẹ́ ọrùn, ẹ fi spirit nù ún, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ọ̀fun nísàlẹ̀: iṣan á wú bí okùn. Dókítà ẹran tàbí ẹni tó ti kọ́ ọ ni kó gún un. Abẹ́rẹ́ tó jẹ́ gauge 18 tàbí 20 (bó ṣe nípọn sí) ló bá a mu, ẹ̀jẹ̀ 5 mL sì tó. Ẹ má fa síríǹjì tagbáratagbára, torí ẹ̀jẹ̀ á fọ́. Nínú ìgò EDTA, èyí tó ní èròjà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ rọra dojú rẹ̀ délẹ̀ nígbà mẹ́wàá, ẹ má gbọ̀n ọ́n. Ẹ fi í sínú yìnyín, kí ẹ fi centrifuge yí i láàárín wákàtí kan. Omi òkè ni kí ẹ fà, ó yẹ kó mọ́. Bó bá pupa, ẹ̀jẹ̀ ti fọ́ nìyẹn.

Ẹ pín in sí ìgò kékeré méjì, kí ẹ dì í ní -20°C. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ máa ń mú kó yọ́ kó tún dì, èyí tí kò dáa fún un rárá. Ẹ wá jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀.

Wákàtí kan náà ni kí ẹ máa gba ti gbogbo wọn, torí cortisol ẹlẹ́dẹ̀ máa ń pọ̀ láàárọ̀ ju ìrọ̀lẹ́ lọ. Kí ẹ tó ra ELISA, ohun èlò àyẹ̀wò tí ẹ máa fi wọn cortisol, ẹ wò ó bóyá wọ́n ṣe é fún itọ́. Èyí tí wọ́n ṣe fún ẹ̀jẹ̀ nìkan lè má rí ìwọ̀nba tó wà nínú itọ́. Ẹ bi olóko bóyá wọ́n ti fún ẹran ní oògùn dexamethasone, torí ó máa ń rẹ cortisol sílẹ̀. Kí akọ gun abo pàápàá lè gbé e sókè láìsí ìnira kankan, nítorí náà ẹ fi nọ́ńbà ẹran kọ̀ọ̀kan wé tirẹ̀ àtẹ̀yìnwá. Adìẹ ní tirẹ̀, corticosterone, èyí tó ń ṣiṣẹ́ cortisol lára ẹyẹ, lẹ máa wọ̀n.