Má Wo Ọ̀rẹ́ Rẹ, Wo Ẹni Tó Ń Ṣọ́ Ọ: Bí Quarterback Yunifásítì Ṣe Ń Mọ Ẹni Tó Yẹ Kó Ju Bọ́ọ̀lù Sí

Ní ọdún kìíní mi gẹ́gẹ́ bíi quarterback, ìyẹn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ní yunifásítì kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Ohio, mo ju bọ́ọ̀lù kan tí mi ò lè gbàgbé láé. Down kẹta ni, ìyẹn ìgbìyànjú kẹta nínú mẹ́rin tá a ní láti lọ yáàdì 10, ó ku yáàdì 7. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń gbé yàrá kan náà ló wà lápá ọ̀tún, mo sì ti pinnu nínú huddle, níbi tá a ti ń kóra jọ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, pé òun ni màá jù ú sí. Àtìgbà tí bọ́ọ̀lù ti tẹ̀ mí lọ́wọ́ ni mo ti tẹjú mọ́ ọn. Safety wọn, ìyẹn olùgbèjà tó máa ń dúró jìn sẹ́yìn, náà tẹjú mọ́ mi. Kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi, ọkùnrin yẹn ti dé ibẹ̀, ó já a gbà, kò sì dúró mọ́ títí ó fi wọ end zone wa, ìpẹ̀kun pápá tá à ń gbèjà.

Lọ́jọ́ kejì, kóòṣì mi dá fídíò náà dúró níbi tí mo ti gbé ọwọ́ sókè. Ó bi mí pé, "Ta lò ń wò?" Mo dárúkọ ọ̀rẹ́ mi. Ó ní, "Ibẹ̀ gan-an lo ti ṣì í. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ ni kó o wò."

Ó ti pé ọdún 11 báyìí tí mo ti ń kọ́ àwọn quarterback, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ṣì ń kọ́ wọn. Quarterback kì í fi ìfẹ́ yan ẹni tó máa ju bọ́ọ̀lù sí. Olùgbèjà kan ló máa yàn án fún un, bó bá ti mọ olùgbèjà tó yẹ kó wò. Ìwọ àbúrò mi tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà nílé ẹ̀kọ́ girama, tó o sì fẹ́ máa gbá a ní yunifásítì, ìwọ ni mo kọ èyí fún. Mo sì kọ ọ́ fún òbí tó ń jókòó síbi ìwòran lọ́jọ́ Sátidé, tí kò mọ ìdí tí ọmọ òun fi ń nàka sí àwọn èèyàn kó tó gba bọ́ọ̀lù.

Kí bọ́ọ̀lù tó kúrò nílẹ̀

Èèyàn 11 ló wà ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tí 4 nínú àwọn olùgbèjà bá ń sáré bọ̀ wá gbé ọ ṣánlẹ̀, 7 ló kù láti ṣọ́ àwọn 5 tó lẹ́tọ̀ọ́ láti gba bọ́ọ̀lù rẹ. Pápá náà sì fẹ̀ ju yáàdì 53 lọ. Èèyàn 7 ò lè bo gbogbo ilẹ̀ yẹn tán, ibì kan gbọ́dọ̀ ṣófo. Iṣẹ́ rẹ ni láti mọ ibẹ̀ kó tó dí.

Ẹ̀yìn pátápátá ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn safety. Ka iye wọn. Tí méjì bá dúró jìn sẹ́yìn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, àárín pápá ṣí sílẹ̀ nìyẹn. Ó lè jẹ́ Cover 2, tí àwọn méjèèjì pín ẹ̀yìn pápá láàárín ara wọn. Ó sì lè jẹ́ Cover 4, tí àwọn cornerback, ìyẹn àwọn olùgbèjà tó wà lápá etí pápá, á bá wọn lọ sẹ́yìn, tí wọ́n á fi di mẹ́rin. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan ló dúró sáàárín, àárín ti tì nìyẹn: Cover 1 tàbí Cover 3 ni (nọ́ńbà náà ni iye àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn pápá). Tó ò bá rí ẹnì kankan níbẹ̀, tètè mọ̀ pé àwọn tó ń bọ̀ wá bá ọ pọ̀ ju iye tí àwọn tó ń dáàbò bò ọ́ lè dá dúró lọ. Má fi bọ́ọ̀lù pẹ́ lọ́wọ́.

Lẹ́yìn wọn ló kan cornerback. Wo ojú rẹ̀ kó o tó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Tó bá tẹjú mọ́ receiver (ẹni tó ń sáré lọ gba bọ́ọ̀lù) iwájú rẹ̀, tí kò tiẹ̀ kà ọ́ sí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ man, ìyẹn ni pé kálukú ti mú ẹni tó máa tẹ̀ lé. Tó bá kọ ẹ̀yìn sí etí pápá, tó ń wò ọ́, zone ni: àgbègbè ló ń ṣọ́, kì í ṣe èèyàn. Tó o bá ṣì ń ṣiyèméjì, ní kí receiver kan sáré láti apá kan lọ sí èkejì kí bọ́ọ̀lù tó kúrò nílẹ̀, ohun tá à ń pè ní motion. Bí olùgbèjà kan bá sá tẹ̀ lé e, man ni wọ́n fẹ́ ṣe. Bí wọ́n bá kàn sún díẹ̀, tí wọ́n ń pariwo síra wọn, zone ni. Kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo, àmọ́ ó ń rí bẹ́ẹ̀ tó débi pé mi ò lè lọ síbi ìdíje kankan láìsí motion.

Ohun kan wà ní yunifásítì tó yàtọ̀ sí ti NFL, líìgì àwọn amọṣẹ́dunjú, tí ọ̀pọ̀ òǹwòran kì í kíyè sí. Ẹ wo àwọn ìlà kéékèèké tó tò lọ lọ́nà méjì láàárín pápá, tí wọ́n ń pè ní hash. Ní NFL, ẹsẹ̀ bàtà 18 ààbọ̀ ló wà láàárín méjèèjì. Ní yunifásítì, 40 ni. Orí ìlà wọ̀nyẹn tàbí àárín wọn ni eré kọ̀ọ̀kan ti ń bẹ̀rẹ̀. Torí náà, tí bọ́ọ̀lù bá wà lórí ìlà òsì, yáàdì 20 péré ló wà lápá òsì, apá ọ̀tún á sì lé ní 33. Ọmọdé quarterback á rí apá tó fẹ̀, inú rẹ̀ á dùn, á ní àyè pọ̀ níbẹ̀. Àyè pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ bọ́ọ̀lù tó ń ti ìlà òsì lọ sí etí pápá ọ̀tún máa ń pẹ́ lójú ọ̀run, cornerback tó já fáfá á sì ti dé ibẹ̀ dè é. Mo ti rí bọ́ọ̀lù tí wọ́n já gbà níbẹ̀ ju ibikíbi mìíràn lọ. Tí receiver mi tó dára jù bá dá wà pẹ̀lú cornerback kan ní apá tó fún, tí safety wọn sì ti sún sápá tó fẹ̀, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ọmọ tí mò ń kọ́ kọ́kọ́ ronú sí.

Ó tún gbọ́dọ̀ ka àwọn tó wà nítòsí bọ́ọ̀lù, kó sì nàka sí linebacker àárín (olùgbèjà tó dúró lẹ́yìn àwọn tó wà níwájú), tí wọ́n ń pè ní Mike, kí àwọn tó ń dáàbò bò ó lè mọ ẹni tí kálukú wọn máa dá dúró. Ìnàka tẹ́ ẹ̀ ń rí nìyẹn.

Wọ́n lè máa tàn ọ́

Gbogbo ohun tí mo sọ yìí, àwọn olùgbèjà náà mọ̀ ọ́n. Wọ́n mọ̀ pé ò ń ka safety, torí náà wọ́n á fi méjì hàn ọ́. Bí bọ́ọ̀lù bá ṣe kúrò nílẹ̀ báyìí, ọ̀kan á sáré wá sísàlẹ̀, ìyẹn síwájú nítòsí bọ́ọ̀lù, èkejì á bọ́ sáàárín, Cover 2 tó o rí á wá di Cover 3. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mejì la máa ń ka safety: lẹ́ẹ̀kan kí bọ́ọ̀lù tó kúrò nílẹ̀, lẹ́ẹ̀kan sí i bó o ṣe ń gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ sẹ́yìn. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Láti ọdún 2024, kóòṣì lè bá agbábọ́ọ̀lù kan sọ̀rọ̀ nínú akoto rẹ̀ ní FBS, ìpele tó ga jù nínú bọ́ọ̀lù yunifásítì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà máa ń kú tó bá ku ìṣẹ́jú àáyá 15 lórí aago eré. Ìwọ nìkan lo máa wà pẹ̀lú ẹ̀tàn wọn.

Lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́

O ò lè wo èèyàn 7 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan ni kó o mú. Wo eré tí wọ́n ń pè ní smash. Receiver tó wà létí á sáré bíi yáàdì 5, á dúró, á yíjú sí ọ. Èyí tó wà nínú á sáré kọjá yáàdì 10, á sì yà sí igun ẹ̀yìn pápá. Ní Cover 2, cornerback kan ṣoṣo ló wà láàárín àwọn méjèèjì, òun sì lò ń wò. Tó bá dúró nísàlẹ̀, ju bọ́ọ̀lù kọjá lórí rẹ̀ sí igun. Tó bá rìn sẹ́yìn, ju ti ìsàlẹ̀. Ohun yòówù tó bá ṣe, ó ti jẹ̀bi.

Curl àti flat, eré tí receiver kan ti ń yíjú padà sí ọ, tí èkejì sì ń sáré lọ sí etí pápá nísàlẹ̀, náà bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí pápá lò ń wò níbẹ̀. Nínú RPO, eré tó o ti lè fún running back (ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré) ní bọ́ọ̀lù tàbí kó o jù ú, linebacker ni: tó bá sáré síwájú láti mú running back, fa bọ́ọ̀lù yọ kó o jù ú sẹ́yìn rẹ̀. RPO gbilẹ̀ ní yunifásítì torí pé òfin ibẹ̀ gba àwọn tó ń dáàbò bò ọ́ láyè láti lọ tó yáàdì 3 síwájú kó o tó ju bọ́ọ̀lù. Yáàdì 1 ni ti NFL.

Nígbà míì, kì í ṣe pé ò ń ka safety nìkan, ìwọ gan-an lò ń darí rẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kìíní ọdún 2018, ní Atlanta, yunifásítì Georgia fi 23 sí 20 síwájú ti Alabama ní àfikún àkókò. Wọ́n ti gbé Tua Tagovailoa, quarterback Alabama, ṣánlẹ̀, ó pàdánù yáàdì 16, ó wá di down kejì, yáàdì 26 ló kù. Ọdún kìíní rẹ̀ ni, lẹ́yìn ìsinmi ààbọ̀ ni wọ́n sì tó gbé e wọlé. Ó gba bọ́ọ̀lù, ó kọ́kọ́ kọjú sí apá ọ̀tún. Safety tó yẹ kó bo ẹ̀yìn apá òsì wo ojú rẹ̀, ó pẹ́ kó tó sún. DeVonta Smith, receiver Alabama, ti sáré kọjá lápá òsì. Tua jù ú sí i, yáàdì 41, Alabama jáwé olúborí, 26 sí 23. Ìgbà yòówù tí mo bá fi fídíò yẹn han àwọn ọmọ, mo máa ń ní kí wọ́n fọwọ́ bo Smith lójú ẹ̀rọ, kí wọ́n wo safety nìkan.

Ẹsẹ̀ rẹ ló máa ń sọ fún ọ pé àkókò ti tó. Tí eré bá jẹ́ ẹsẹ̀ 5 sẹ́yìn, ẹsẹ̀ karùn-ún ni bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ lọ. Tí kò bá sí àyè, fò síwájú díẹ̀, ojú kúrò lára ẹni àkọ́kọ́ lọ sára ẹnì kejì. Fò lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹnì kẹta. Lẹ́yìn náà running back tó wà nítòsí rẹ. Má padà sọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́. Ẹni tó bá padà ni wọ́n ń gbé ṣánlẹ̀.

Bó o ṣe lè bẹ̀rẹ̀

Má kó eré 100 jọ. Nígbà tí àwọn kóòṣì Hal Mumme àti Mike Leach bẹ̀rẹ̀ Air Raid, ọ̀nà ìgbábọ́ọ̀lù tó gbára lé jíju bọ́ọ̀lù, ní ilé ẹ̀kọ́ Iowa Wesleyan ní ọdún 1989, eré díẹ̀ ni wọ́n ń tún ṣe títí yóò fi mọ́ wọn lára. Mú mẹ́rin, kó o mọ olùgbèjà tí wàá wò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Fídíò tí wọ́n gbà láti òkè ni kó o máa wò, nítorí tẹlifíṣọ̀n kì í sábà fi safety hàn kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Dá a dúró kí bọ́ọ̀lù tó kúrò nílẹ̀. Sọ ọ́ sókè: safety mélòó, cornerback ń wo ta, bọ́ọ̀lù wà lórí ìlà wo. Jẹ́ kó lọ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, dá a dúró, sọ bóyá irọ́ ni wọ́n pa fún ọ. Eré 20 lálẹ́, kó o tó sùn. Mo ní ọmọ kan tó ṣe bẹ́ẹ̀ jálẹ̀ ìgbà òtútù kan. Nígbà tá a padà sí pápá, mo sún safety kan sísàlẹ̀ láìsọ fún un, ó sì pariwo "Cover 3!" kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kejì tó balẹ̀.