Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí oúnjẹ òbí tí àrùn MND ń bá fínra

"Ẹ wá jẹun o" ni Bàámi fẹ́ sọ tí ọbẹ̀ fi gba ọ̀nà èémí wọn lọ. Àbúrò wọn ló yà wá kí wọn láti Ìsọ̀kùn, tó bá wọn nídìí àwo, tó sì ní "Ẹ kú ìjẹun". Bàámi kò lè gbọ́ irú ìkíni bẹ́ẹ̀ kí wọ́n má pe àlejò sí oúnjẹ. Bí wọ́n ṣe tọ́ wọn nìyẹn, bí wọ́n sì ṣe tọ́ àwa náà nìyẹn. Ikọ́ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà kò dá títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹta, òtútù àyà ti dá wọn dùbúlẹ̀.

Kò sí ọ̀kan nínú àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ níbí tí a kò fi ìfẹ́ ṣe. Ohun tó mú mi kọ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń tọ́jú òbí rẹ̀ ní Iléṣà tàbí Ilé-Ifẹ̀ lónìí, tó ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, síbẹ̀ tí òbí náà ń rù sí i lójú rẹ̀, òun ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Àrùn tí àwọn dókítà ń pè ní motor neuron disease, MND ní kúkúrú, máa ń pa àwọn okùn tín-ín-rín tó ń jíṣẹ́ ọpọlọ fún iṣan. Iṣan tí kò bá rí iṣẹ́ gbà mọ́ a rọ, a sì gbẹ. Ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ ń mú lára ẹlòmíràn, ahọ́n àti ọ̀fun ni lára ẹlòmíràn. Dókítà ará Faransé kan, Jean-Martin Charcot, ṣàlàyé irú rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù lọ ní 1869, síbẹ̀ títí di òní kò sí oògùn tó ń wò ó sàn. Kì í ràn. Ẹni tó ń sá fún àwo tí òbí rẹ̀ ti jẹun ń sá lásán ni. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní in ni orí wọn pé, tí wọ́n mọ gbogbo ohun tó ń lọ láyìíká wọn, nítorí náà ẹ má ṣe máa bá wọn sọ̀rọ̀ bí ọmọdé nítorí pé ahọ́n wọn wúwo.

"Ẹ tètè fún wọn lómi!"

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ jáwọ́ nínú rẹ̀. Oúnjẹ tá wọn lórí, ikọ́ bẹ̀rẹ̀, ẹnìkan á sáré gbé ife omi, ẹlòmíràn á gbá orí wọn sẹ́yìn kí omi lè wọlé. Ní ilé wa, èmi gan-an ni mo máa ń gbá orí sẹ́yìn.

Omi ló ṣòroó gbé mì jù fún ọ̀fun tó ti rọ. Nígbà tí ara ṣì le, ọ̀fun máa ń yára pa ọ̀nà èémí dé kí ohun tí a ń gbé mì tó débẹ̀. Tí iṣan ibẹ̀ bá ti rọ, pípa náà á máa falẹ̀, omi kò sì ní dúró dè é. Orí tí a gbá sẹ́yìn tún ń ṣí ọ̀nà náà sílẹ̀ gbayawu. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó ṣánṣán, kí àgbọ̀n wọn sún mọ́ àyà díẹ̀. Tí wọ́n bá ń wúkọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n wú u tán kí ohunkóhun míì tó kan ẹnu wọn. Tí wọ́n bá jẹun tán, ẹ má dá wọn dùbúlẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 30.

Ohun mímu tó ki bí ògì tí a pò gírígírí máa ń falẹ̀ lọ́fun, ó sì máa ń dùn ún darí ju omi lọ. Ṣùgbọ́n ògì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Gbogbo wa la ti rí ògì tí a mu dé ìdajì tí ó wá di omi nínú abọ́. Itọ́ tí ṣíbí ń gbé padà sínú rẹ̀ ló ń jà á. Ògì tí ẹ pò kí ó lè ki nítorí ọ̀fun Bàbá, kí wọ́n tó mu ún tán, ó ti di ohun tí ẹ ń sá fún gan-an. Ẹ máa bu díẹ̀díẹ̀ sínú abọ́ kékeré, kí ìyókù wà lọ́tọ̀ láìfi ṣíbí tó ti kan ẹnu bọ̀ ọ́.

Kí ẹ sì má gbẹ́kẹ̀ lé ikọ́ nìkan. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ kí oúnjẹ wọ ọ̀nà èémí láìsí ikọ́ rárá. Ohùn tó ń dún bí ẹni pé omi wà lọ́fun lẹ́yìn oúnjẹ, ibà tó ń lọ tó ń bọ̀, mímí tó ń yára, ìwọ̀nyí tó láti gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn.

Àṣìṣe kejì máa ń tẹ̀ lé èyí kíákíá: ẹ̀rù á bà yín, ẹ ó dín omi kù pátápátá. Ìtọ̀ á pupa, ìgbẹ́ á le bí òkúta, aláìsàn kò sì ní agbára láti fi ti í jáde. Omi ò ṣeé yọ kúrò. Kí ó ki ni ẹ jẹ́ kí ó ṣe.

Iyán

Ìjẹ̀ṣà ni wá. Bí a kò bá gún iyán fún Bàámi, bí ìgbà tí a ti kà wọ́n mọ́ òkú ni lójú tiwọn, nítorí náà a ń gún un. Iyán kì í ṣe ohun tí a ń jẹ lẹ́nu kó kúnná, òkèlè ló ń lọ ní odindi, ó sì máa ń lẹ̀. Ahọ́n tí kò lè ti nǹkan sẹ́yìn mọ́ á fi í sílẹ̀ mọ́ àjà ẹnu tàbí lẹ́nu ọ̀nà ọ̀fun. Ó dùn mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n iyán wà lára ohun tí ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ fi sílẹ̀ nígbà tí gbígbé mì bá ti ń nira. Iṣu tí a sè rọ̀ dáadáa, tí a fi mílíìkì tàbí ọbẹ̀ rọ́ títí kò fi ní kókó, sún mọ́ ọn nínú adùn, ó sì ń lọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Gààrí tí a fi omi tútù rẹ, tí a bu ẹ̀pà sí, léwu ju bí ojú ṣe rí i lọ, nítorí pé nǹkan méjì ló wà lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà. Omi á ti sáré lọ, hóró á ṣẹ́ kù. Bákan náà ni ìrẹsì inú ọbẹ̀ tó ṣàn, àti àkàrà tí a ń fi ògì sìn. Mọ́ínmọ́ín tó rọ̀ tí kò ní egungun ẹja nínú, gbẹ̀gìrì tó ki, ẹyin tí a pò mọ́ ọbẹ̀, píà tí a rọ́, ìwọ̀nyí ló gbé Bàámi ró fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀fun kì í rí bákan náà. Ẹ bẹ dókítà kó rán yín sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àyẹ̀wò bí ènìyàn ṣe ń gbé oúnjẹ mì, kí ẹ tó gba ìmọ̀ràn aládùúgbò tàbí tèmi yìí.

Ẹ má fi ọwọ́ rọ oúnjẹ fún àgbà bí àwọn ìyá àtijọ́ ṣe ń rọ ẹ̀kọ fún ọmọ. Ẹ má kánjú wọn. Jíjẹun gan-an máa ń rẹ̀ wọ́n, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí mẹ́fà sàn ju àwo ńlá lẹ́ẹ̀mẹta lọ. Ní ti àlejò, a padà ní kí ẹnìkan máa jókòó sí ẹnu ọ̀nà nígbà oúnjẹ, kó máa bá Bàámi dá wọn lóhùn.

Yíyọ epo kúrò

Ẹnìkan á ti sọ fún yín pé àgbàlagbà kò gbọdọ̀ jẹ epo, kò gbọdọ̀ jẹ ẹyin. Ó lè jẹ́ òótọ́ fún ẹlòmíràn. Ara ọ̀pọ̀ ẹni tó ní MND, bí wọ́n tilẹ̀ jókòó sójú kan, ń jó okun ju bó ṣe yẹ lọ, ẹnu tó ń gba oúnjẹ sì ti rẹ̀. Ẹni tó ń rù kíákíá kì í sábà pẹ́ tó ẹni tí ìwọ̀n rẹ̀ dúró. Oúnjẹ kékeré tó kún fún agbára ló yẹ wọ́n: ẹ̀pà tí a lọ̀ kúnná dáadáa sínú ògì, mílíìkì, epo pupa díẹ̀ sí i nínú ọbẹ̀, ẹ̀gúsí tí a lọ̀ tí kò ní èèpo. Tí àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru bá wà nílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, dókítà ni yóò bá yín wọn ọ̀tún wọn òsì.

Ṣùgbọ́n báwo ni ẹ ṣe máa mọ̀ pé wọ́n ń rù? Ojú tó ń rí ènìyàn lójoojúmọ́ kì í tètè rí i. Ó yẹ kí ìlú Iléṣà mọ èyí ju ìlú míì lọ. Kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ní 1960 ni Dókítà David Morley, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild níbí, ti ń lo káàdì tí wọ́n ń fa ìlà ìwọ̀n ọmọ sí ní Ìmẹ̀sí-Ilé, tí irú káàdì bẹ́ẹ̀ sì wá tàn ká ayé. Ìyá tó bá rí ìlà náà tó ń sọ̀ kalẹ̀ kì í dúró kí egungun ọmọ tó yọ. Ẹ ṣe irú rẹ̀ fún Bàbá. Ẹ wọ̀n wọ́n lóṣooṣù, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó wọn kílò 70 tẹ́lẹ̀ tó wá di 63 ti pàdánù ìdá kan nínú mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ sì ti kúrò ní ti ògì nìkan.

Ààwẹ̀, àgbo àti orín

Mo gbà pé àdúrà dára. Kí àwa ọmọ gba ààwẹ̀ nítorí wọn, kò burú. Kí a ní kí ẹni tí ara rẹ̀ ń jó tán gba ààwẹ̀, ìpalára ni. Àgbo tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ní ewu méjì. Ó ṣàn bí omi. Tí wọ́n bá sì ń lo riluzole, oògùn tó ń fa ọwọ́ àrùn náà sẹ́yìn díẹ̀, dókítà á máa ṣọ́ ẹ̀dọ̀ wọn, àgbo lè dá kún wàhálà ẹ̀dọ̀ yẹn. Riluzole kì í bá oúnjẹ rìn: wákàtí kan ṣáájú oúnjẹ tàbí wákàtí méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ fọ ẹnu wọn lẹ́yìn oúnjẹ. Fọ́nrán orín lè há sí ọ̀fun, ìdọ̀tí ẹnu tó bá sì bá itọ́ wọ àyà a máa di òtútù àyà.

Rọ́bà

Dókítà sọ fún wa ní kùtùkùtù pé a lè fi rọ́bà kékeré sí ikùn Bàámi, tí oúnjẹ á máa gbà lọ tààrà sínú ikùn. Ẹ̀gbọ́n mi ní a ò ní lu ikùn Bàbá. Ẹlòmíràn ní ó túmọ̀ sí pé a ti gba kámú. Oṣù mẹ́fà la fi jiyàn.

Ẹ gbọ́: rọ́bà náà kì í ṣe ti ìgbà tí gbogbo nǹkan bá ti bàjẹ́. Ó dára jù nígbà tí èémí ṣì lágbára, torí pé tí agbára èémí bá ti wálẹ̀ sí ìdajì ohun tó yẹ kó jẹ́, ewu fífi í sí i á pọ̀. Kò sì fi dandan di ẹnu pa. Ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ ṣì lè gbà á á máa tọ́ nǹkan wò lẹ́nu, nígbà tí rọ́bà ń gbé èyí tó pọ̀ lọ.

Nígbà tí a fi máa gbà, wọ́n ní èémí Bàámi kò ní lè gbà á mọ́. Rọ́bà imú ni wọ́n fi sí i. Tí ẹ bá dé irú ibẹ̀, ohun tí wọ́n bá kọ́ yín nílé ìwòsàn nìkan ni kí ẹ máa gbà á kọjá, kí ẹ fi omi ṣàn án ṣáájú oúnjẹ àti lẹ́yìn rẹ̀, kí ó má baà dí. Ọbẹ̀ ilé tí a lọ̀ láìsẹ́ la fi dí tiwa ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn, mo ń bẹ Bàámi pé kí wọ́n dáríjì wá pé a pẹ́. Ohùn wọn ti lọ. Ìka kan ṣoṣo tó ṣì ń gbọ́ràn ni wọ́n fi kọ ọ́ sórí fóònù mi: "Ẹ ò bi mí."