Bí mo ṣe fi láítà àti òṣùwọ̀n oníwúrà wá 22.4 ní Ìsánlú

Ọmọ àbúrò mi tó ń múra WAEC ló fà á. Ibikíbi tó bá ti rí gáàsì nínú ìbéèrè kẹ́mísírì, 22.4 ló máa kọ síbẹ̀. Mo bi í pé kí ni nọ́ńbà náà ń sọ. Ó ní, "Àǹtí, wọ́n ní ká há a sórí ni."

Mo ní ó dáa, iye lítà tí mólù gáàsì kan ń gbà ni; a ó wọ̀n ọ́n.

Mólù kan jẹ́ ẹyọ 6.02 × 10²³, ohun yòówù kó jẹ́. Mólù iyọ̀ àti mólù irin kì í gba àyè kan náà, ṣùgbọ́n ti gáàsì yàtọ̀, torí àwọn ẹyọ rẹ̀ jìnnà síra gan-an. Bí ogún èèyàn bá fọ́n káàkiri pápá bọ́ọ̀lù, ta ló ń wo ẹni tó sanra? Ohun tí Avogadro ará Ítálì sọ ní 1811 nìyẹn: bí ooru àti ìfúnpá bá dọ́gba, gáàsì tó gba àyè kan náà ní iye ẹyọ kan náà.

Láítà, abọ́ omi àti ìgò oníke kò ṣòroó rí. Féèdà ọmọ la fi wọn omi 500 mL tí a fi sàmì sára ìgò. Òṣùwọ̀n ló le. Ti ilé ìdáná kò lè rí gíráàmù kan. Àmọ́ Ìsánlú, nílẹ̀ Yàgbà ní Ìpínlẹ̀ Kogi, là ń sọ, níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà; àwọn tó ń rà á ní òṣùwọ̀n tó ń ka 0.01 g. Mo lọ bá ọ̀kan nínú wọn nírọ̀lẹ́. "Ṣé ẹ ti rí wúrà ni?" Mo ní afẹ́fẹ́ ni mo fẹ́ wọ̀n. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì yá mi.

A wọn láítà, a da ìgò tó kún fómi dojú dé inú abọ́, a tẹ láítà lábẹ́ ẹnu rẹ̀ láì yí òkúta iná, gáàsì sì ń hó gòkè títí ó fi dé àmì. Ìta la ti ṣe é, jìnnà sí ààrò: gáàsì yìí wúwo tó afẹ́fẹ́ lọ́nà méjì, ilẹ̀ ló máa ń rà lọ, iná ò sì jìnnà sí i. Kí a tó ka àmì, a mú omi inú ìgò àti ti abọ́ dọ́gba.

Ìgbà àkọ́kọ́, 0.71 g ló dín. Ìṣirò gbé wa dé lítà 40.8. Ọmọ náà ní, "Ìwé ti parọ́!" Ìwé kọ́, omi tó há sínú orí láítà ni. A nù ún, a fi í síwájú fáànù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, òṣùwọ̀n sì wálẹ̀ sí 16.42 g. A tún un ṣe, ó di 15.34. Ó dín 1.08 g.

Bútéènì ni a ka gáàsì láítà náà sí, mólù rẹ̀ kan jẹ́ 58 g. 1.08 pín sí 58 jẹ́ mólù 0.0186. Lítà 0.5 pín sí i, ó jẹ́ 26.9.

Ojú ọmọ náà rẹ̀wẹ̀sì. Èmi ní tèmi ń rẹ́rìn-ín, torí ibi tí mo ń mú un lọ nìyẹn. Díígírì òdo àti ìfúnpá 101.3 kPa ló ni 22.4. Ṣé ọyẹ́ Ìsánlú ti mú omi di yìnyín rí? Omi wa jẹ́ díígírì 29, ìyẹn 302 Kelvin (díígírì òdo jẹ́ 273). Fóònù mi ka ìfúnpá afẹ́fẹ́ sí 96 kPa, torí a ga ju etí òkun lọ. Oru omi inú ìgò sì gba 4 níbẹ̀, ó ku 92 fún gáàsì. A sọ 26.9 di púpọ̀ pẹ̀lú 92/101.3 àti 273/302: 22.1!

Ìyàtọ̀ tó kù kò dùn mí. Gáàsì láítà kì í ṣe bútéènì pọ́ńbélé, bútéènì fúnra rẹ̀ sì ti ń di omi ní bí òdo. (Láti 1982 ni IUPAC, àjọ kẹ́mísírì àgbáyé, ti sọ ìfúnpá tí a fi ń ṣe ìdíwọ̀n di 100 kPa, tó ń fúnni ní 22.7, ṣùgbọ́n 22.4 ṣì ni ìwé ilé ẹ̀kọ́ wa.)

Mo wá fún un ní ìbéèrè: òkúta mábù, irú èyí tó wà ní Jákùrà, 25 g, tí a sun títí gbogbo kábọ́ọ̀nù dáyọ́ọ́sáìdì inú rẹ̀ fi jáde. Lítà mélòó? Mólù CaCO₃, ìyẹn mábù, kan jẹ́ 100 g, ó sì ń tú mólù gáàsì kan jáde, nítorí náà 0.25 mólù. Ó gbé bírò, ó tún gbé e sílẹ̀. "Àǹtí, níbo la ti wọn gáàsì náà?" Mo ní kó ṣe méjèèjì: 5.6 ní díígírì òdo, 6 nínú yàrá, níbi tí a ti ń lo lítà 24 fún mólù kan.

Nígbà tí mo dá òṣùwọ̀n padà, ẹni tó ni ín bi mí pé èló ni afẹ́fẹ́ wúwo. Mo ní 1.08 g. Ó mi orí: "Ká ní wúrà ni, ẹ̀ bá ti san gbèsè."