Bẹ́ ẹ ṣe lè parí gáréèjì ilé yín kẹ́ ẹ lè máa tún mọ́tò yín ṣe níbẹ̀

Gáréèjì inú ilé ni mò ń sọ o, kì í ṣe gáréèjì tí dánfó ti ń kérò. Ọ̀pọ̀ wa ni bíríkìlà ti mọ ògiri ẹ̀ tó sì ti kan páànù lé e, àmọ́ ilẹ̀ ẹ̀ ṣì jẹ́ yanrìn, kò síná, jẹnẹrétọ̀ tó ti bàjẹ́ àti àga tó ti kán ló kún ibẹ̀. Tó bá ti fẹ̀ tó fíìtì 12, tó sì gùn tó fíìtì 20, ó tó fún Corolla tàbí Camry, ẹ ó sì lè rìn yí i ká.

Ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ náwó lé, kì í ṣe sípánà. Nígbà témi ń ṣe tèmi n'Íbàdàn, ẹni tó bá mi ṣiṣẹ́ ní kọnkéré ínǹṣì 2 ti tó, èmi náà gbà fún un torí mo fẹ́ ṣọ́wó ná. Ọjọ́ tí mo fi jáàkì gbé iwájú Camry mi sókè kí n lè pààrọ̀ bíréèkì páàdì, ilẹ̀ là lábẹ́ jáàkì, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan rì wọlé, mọ́tò dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan gbìì, ọpẹ́lọpẹ́ pé mi ò tíì wọ abẹ́ ẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ yẹn ni mo fọ́ dànù tí mo tún un ṣe.

Torí náà, ẹ da hádíkọọ̀, ìyẹn àfọ́kù òkúta, sí i, ẹ gún un kó le, ẹ tẹ́ náílọ̀n dúdú lé e kí ọ̀rinrin má baà máa gòkè wá, ẹ tẹ́ irin BRC, ìyẹn irin tí wọ́n hun bí àwọ̀n, ẹ fi òkúta kéékèèké gbé e sókè díẹ̀ kó má sùn sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá da kọnkéré tó nípọn tó ínǹṣì 6. Báàgì símẹ́ǹtì 1 sí hẹ́dìpáànù yanrìn 4 àti gíráníìtì 8 ni o, kẹ́ ẹ dúró ti àwọn tó ń pò ó, torí tẹ́ ẹ bá ti kúrò níbẹ̀ yanrìn á máa pọ̀ sí i ni. Ẹ jẹ́ kó dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ síhà ẹnu ọ̀nà, bí ínǹṣì 2 nínú fíìtì 16, kómi lè máa ṣàn jáde. Ẹ máa bomi rin ín láàárọ̀ lálẹ́ fún ọjọ́ 7, kẹ́ ẹ sì ní sùúrù tó ọjọ́ 28 kẹ́ ẹ tó gbé mọ́tò wọ̀ ọ́. Ẹ má tẹ́ táìlì síbẹ̀ rárá, tí ọ́ìlì bá kán sí i á máa yọ̀, jáàkì á sì fọ́ ọ.

Ẹlòmíì á ní òun fẹ́ gbẹ́ kòtò bíi ti mẹkáníìkì. Èmi ò fara mọ́ ọn. Tójò bá dé omi á dúró síbẹ̀, èyí tó tún burú jù ni pé atẹ́gùn pẹtiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, inú kòtò ló máa ń lọ sùn sí, iná kékeré kan ti tó.

Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ fi búlọ́ọ̀kù oníhò sísàlẹ̀ ògiri, kẹ́ ẹ tún fi sókè, kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé kó sì máa jáde. Ẹ má sì ti ilẹ̀kùn pa kẹ́ ẹ tan íńjìnnì o, carbon monoxide, ìyẹn gáàsì olóró tó ń jáde ní sàléńsà, ò lóòórùn, èèyàn ò ní mọ̀ tó fi máa dákú. Jẹnẹrétọ̀ náà, ìta ni kó wà.

Ẹ kun ògiri ní funfun, ẹ fi iná LED oní fíìtì 4 sẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, torí tó bá jẹ́ àárín nìkan lẹ fi sí, tẹ́ ẹ bá ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, òjìji ẹ̀ ló máa bo íńjìnnì. Wáyà 2.5mm ni kẹ́ ẹ lò fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ gbé e sókè tó ìbàdí, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí oníná ri irin ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn irin tó ń gbé iná tó bá ṣìnà wọlẹ̀.

Ó wá kan irinṣẹ́. Jáàkì oníkẹ̀kẹ́ tọ́ọ̀nù 3 àti sítáǹdì onírin méjì lẹ máa kọ́kọ́ rà, tuntun ni kẹ́ ẹ rà wọ́n, ẹ má ra tókúnbọ̀. Jáàkì wà fún gbígbé sókè, sítáǹdì ló ń di mọ́tò mú, kẹ́ ẹ tó wọ abẹ́ ẹ̀ ẹ fi igi dí táyà tó wà nílẹ̀ kẹ́ ẹ sì mi mọ́tò wò. Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé mọ́tò lé búlọ́ọ̀kù ilé, kì í kọ́kọ́ là kẹ́ ẹ rí i, ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń fọ́ túútúú.

Sípánà tókúnbọ̀ ò burú ní tiẹ̀, ẹ lè ṣà á ní Ládípọ̀ tàbí ní Gate n'Íbàdàn. Tó bá jẹ́ Toyota, sípánà nọ́ńbà 10, 12, 14, 17 àti 19 ló ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́, 21 ni ti nọ́ọ̀tì táyà. Ẹ wá torque wrench kan, ìyẹn sípánà tó ń wọn agbára tẹ́ ẹ fi ń dè é, nọ́ọ̀tì táyà Corolla máa ń gba 76 lb-ft lójú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi gbogbo agbára fún un ju ìyẹn lọ, bóòlùtì ẹ̀ á já lọ́jọ́ kan. Mọ́tò tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ojú OBD2 lábẹ́ sítíárìn, ibẹ̀ lẹ máa ki scanner, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń yẹ mọ́tò wò, bọ̀, scanner kékeré kan á sọ ibi tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ wò kẹ́ ẹ tó pe ríwáyà.

Fáyà ẹ́sítíńgúíṣà onípáúdà, ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni kẹ́ ẹ gbé e kọ́. Ọ́ìlì tẹ́ ẹ bá fà jáde, inú kẹ́ẹ̀gì ni, ẹ má dà á sí gọ́tà tàbí ẹ̀bá kànga. Kúláǹtì dùn lẹ́nu, májèlé sì ni, ẹ má tọ́jú ẹ̀ sínú ike omi mímu, orí pẹpẹ tọ́wọ́ ọmọdé ò lè tó ni kẹ́ ẹ gbé e sí.