Bí a ṣe ń ṣọ́ ooru inú páìpù èéfín lórí àpótí ìdáná onígi tó wà nínú ògiri

Sítóòfù onígi tó dá dúró láàárín yàrá kì í ṣòro láti ṣọ́. Páìpù èéfín rẹ̀ wà níta gbangba. Ẹ lẹ tẹmómítà olóòfà mọ́ ọn lára, ẹ ó sì máa rí bó ṣe gbóná tó. Àpótí ìdáná tí wọ́n tì bọ inú ògiri kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọrùn àpótí ni páìpù ti wọnú ògiri lọ, férémù irin tó yí iwájú ká sì bo ìwọ̀nba tó kù. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń dá irú iná yìí láìmọ̀ bóyá èéfín tó ń gòkè tutù jù tàbí ó ti gbóná kọjá ààlà, bẹ́ẹ̀ méjèèjì ló léwu.

Bí èéfín bá tutù jù, omi àti epo igi tí kò jóná tán inú rẹ̀ á dì mọ́ ara páìpù, bí oru omi gbígbóná ṣe ń dì sábẹ́ ọmọrí ìkòkò. Ohun tó ń kó jọ síbẹ̀ ni ọ̀dà èéfín tí wọ́n ń pè ní creosote. Bí ara páìpù bá ti wà nísàlẹ̀ nǹkan bí 120°C ló máa ń pọ̀ sí i. Ọ̀dà yìí máa ń jó, bó bá sì gbiná nínú òpó èéfín, ooru ibẹ̀ lè ju 1,000°C lọ, ó lè la ògiri, ó sì lè ran igi òrùlé. Bí èéfín bá wá ń gbóná jù nígbà gbogbo, irin inú àpótí á wọ́, ìsopọ̀ páìpù á máa ṣí, ooru tó yẹ kó mú yàrá gbóná á sì máa gba òkè lọ lófo.

Nọ́ńbà wo lẹ ń kà?

Ibí ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Ooru ara páìpù yàtọ̀ sí ooru gáàsì tó ń kọjá nínú rẹ̀. Lórí páìpù tí irin rẹ̀ jẹ́ ìpele kan ṣoṣo, tẹmómítà olóòfà yẹ kó wà láàárín 115°C sí 245°C. Ọ̀pá ìdíwọ̀n tó wọ inú páìpù ní tirẹ̀ yẹ kó wà láàárín 200°C sí 480°C, nítorí gáàsì inú sábà máa ń gbóná tó ìlọ́po kan ààbọ̀ sí méjì ara páìpù. Nítorí náà, 250 lára páìpù ti kọjá ààlà, ṣùgbọ́n 250 nínú páìpù fi hàn pé iná ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbérasọ ni. Ẹni tó bá fi àtẹ ti òde ka nọ́ńbà ti inú á pa atẹ́gùn dé kíákíá jù, ọ̀dà á sì máa kún òpó èéfín rẹ̀ nígbà tó rò pé òun ń ṣọ́ra. Ẹ wò ó dáadáa pẹ̀lú bóyá ẹ̀rọ yín wà lórí °C tàbí °F: 250°F kò ju 121°C lọ.

Òòfà tí àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ iwájú àpótí, lókè ilẹ̀kùn, ń sọ bí irin àpótí ṣe gbóná tó, kò sọ ti èéfín. Ó máa ń pẹ́ kó tó gòkè, ó sì máa ń pẹ́ kó tó sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ bá tan fáànù àpótí, nọ́ńbà rẹ̀ á já wálẹ̀, nígbà tí èéfín lè má tíì yí padà rárá. Ẹ̀rọ ìdíwọ̀n ooru tí a ń nà sí nǹkan láti òkèèrè dára lórí irin tí wọ́n kùn ní dúdú. Lórí irin tó ń dán, nọ́ńbà tó kéré ju òtítọ́ lọ ló máa ń gbé jáde. Bí ẹ bá sì nà án sí gíláàsì, ooru gíláàsì lẹ ń kà, kì í ṣe ti iná tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Lójú tiwa, ọ̀pá thermocouple irú K (ọ̀pá irin tí wáyà inú rẹ̀ ń sọ ooru di iná mànàmáná kékeré tí ẹ̀rọ lè kà) tó wọnú páìpù nìkan ló ń sọ òótọ́ lásìkò fún irú àpótí yìí.

Ohun tí ẹ máa nílò

Ọ̀pá thermocouple irú K tí awọ irin tí kì í dípẹtà bò, tó nípọn mílímítà 3 sí 6. Wáyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fi fọ́nrán gíláàsì hun bò. Ti rọ́bà á yọ́, kódà PTFE (ike tí wọ́n tún ń pè ní Teflon) kò yẹ níbi tó bá lè kọjá 260°C. Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń fi nọ́ńbà hàn, tó sì ní agogo ìkìlọ̀. Ìdè oníṣíkúrù tó bá ìnípọn ọ̀pá mu, tó lè fún un pinpin. Ẹnu dírìlì tó ń lu irin líle. Àti ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ nípa carbon monoxide, gáàsì olóró tí iná ń tú jáde, bí kò bá tíì sí ọ̀kan nínú yàrá náà. Gáàsì yìí kò ní òórùn, nítorí náà ẹ má fi imú yín ṣe ẹ̀rọ.

Bí ẹ ó ṣe fi í sí i

1. Ẹ kọ́kọ́ ka ìwé tó bá àpótí wá. Àwọn kan nínú àwọn tó ń ṣe é ti pèsè ihò sílẹ̀, àwọn mìíràn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lu ihò sí i rárá. Bí ẹ bá lù ú lódì sí ìwé, ẹ̀rí ìdánilójú wọn lè bà jẹ́. Ẹ jẹ́ kí àpótí tutù pátápátá kí ẹ tó tú férémù iwájú.

2. Ẹ dán ọ̀pá wò kí ẹ tó lu ohunkóhun. Ẹ ki orí rẹ̀ bọ omi tó ń hó. Nítòsí òkun ó yẹ kó sọ nǹkan bí 100°C, lórí òkè gíga á dín díẹ̀. Bó bá fi ju dígírì 3 tàbí 4 lọ yàtọ̀, ẹ dá a padà.

3. Ẹ wá páìpù kúkúrú líle tó so ọrùn àpótí pọ̀ mọ́ páìpù tó ń rọ̀, èyí tó gba inú òpó èéfín gòkè. Ara páìpù líle yẹn ni ẹ ó lù. Ẹ má lu èyí tó ń rọ̀: irin rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó máa ń ya láti ẹ̀gbẹ́ ihò, yíyọ rẹ̀ kúrò sì jẹ́ iṣẹ́ ńlá. Lórí sítóòfù tó dá dúró, wọ́n máa ń fi ọ̀pá sí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45 sókè ọrùn. Nínú ògiri, ibi tí ọwọ́ bá tó lẹ ó gbà. Bó bá ṣe sún mọ́ àpótí tó ni nọ́ńbà rẹ̀ á ṣe ga tó, ẹ fi èyí sọ́kàn.

4. Ẹ ṣe àmì sára ọ̀pá kí orí rẹ̀ lè dé àárín páìpù gan-an. Páìpù tó fẹ̀ ní mílímítà 150 ń fẹ́ kí ọ̀pá wọlé ní mílímítà 75. Gáàsì tó ń rá mọ́ ẹ̀gbẹ́ páìpù tutù ju ti àárín lọ, nítorí náà ọ̀pá tó kúrú á máa fi iná yín hàn bí èyí tó tutù.

5. Ẹ fi ẹnu dírìlì kékeré lu ihò àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ fẹ̀ ẹ́. Ẹ rọra yí dírìlì, ẹ kán epo sí i, ẹ ha ẹnu ihò tó mú kúrò, kí ẹ sì gbá gbogbo èérún irin kúrò.

6. Ẹ fi ìdè dè é pinpin. Páìpù èéfín ń fa atẹ́gùn mọ́ra. Bí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá bá lanu, atẹ́gùn tútù yàrá á máa wọlé níbẹ̀, á mú gáàsì tutù ní iwájú orí ọ̀pá gan-an, ẹ ó sì máa ka irọ́.

7. Ẹ gba igun ìsàlẹ̀ férémù mú wáyà jáde, kó má kan ara àpótí níbikíbi. Ojú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ jìnnà sí ooru. Ọ̀pọ̀ wọn kò gba ju 50°C lọ.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú àwọ̀ wáyà. Ní ìlànà Amẹ́ríkà, pupa ni òdì (−), yẹ́lò ni ìdàkejì rẹ̀ (+). Ní ìlànà IEC (àjọ àgbáyé tó ń ṣètò ìlànà iná mànàmáná), funfun ni òdì (−), àwọ̀ ewé sì ni ìdàkejì rẹ̀ (+). Bí ẹ bá gbé e sódì, nọ́ńbà á máa wálẹ̀ bí iná ṣe ń lágbára. Bí wáyà bá kúrú, wáyà irú K ni kí ẹ fi mú un gùn sí i. Bí ẹ bá fi wáyà kọ́pà lásán so ó lẹ́yìn férémù, tí ibi ìsopọ̀ yẹn gbóná dé 80°C nígbà tí ojú ẹ̀rọ wà ní 25°C, nǹkan bíi dígírì 55 ni nọ́ńbà yín máa fi dín, kò sì ní sí ohun tó máa fi hàn yín.

Bí ẹ ó ṣe máa fi dáná

Nígbà tí ẹ bá ń tan iná, ẹ ṣí ọ̀nà atẹ́gùn sílẹ̀ gbayawu. Bí nọ́ńbà bá ti dé nǹkan bí 260°C, tí gbogbo ara igi sì ti dúdú tó ń jó, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dín atẹ́gùn kù ní ìdá mẹ́rin-mẹ́rin. Lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan, ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú 5 kí ẹ tó tún fọwọ́ kàn án. Bí nọ́ńbà bá ń já wálẹ̀ tí èéfín sì ń yí kiri lẹ́yìn gíláàsì, ẹ ti yára jù. Ẹ tún un ṣí. Ohun tí ẹ fẹ́ rí ni kí ó gòkè díẹ̀ sí i lẹ́yìn tí ẹ dín atẹ́gùn kù, kó wá dúró: gáàsì igi ti ń jó lókè àpótí nìyẹn, kò lọ sókè lófo mọ́.

Àpótí tó ní catalyst (ohun oníhò wẹ́wẹ́ tó ń mú kí èéfín jó kó tó gba páìpù lọ) yàtọ̀. Tẹmómítà ti catalyst fúnra rẹ̀ ni ẹ ó máa wò kí ẹ tó ti ìlẹ̀kùn kékeré inú ọrùn, nígbà tó bá tó nǹkan bí 260°C. Lẹ́yìn náà ooru páìpù á já wálẹ̀, kò sì túmọ̀ sí pé iná ń kú.

Ẹ fi agogo ìkìlọ̀ sí 450°C, kí àyè lè wà kó tó di 480. Bó bá dún, ẹ pa ọ̀nà atẹ́gùn dé pátápátá, ẹ wò ó bóyá ilẹ̀kùn eérú tì dáadáa, ẹ tan fáànù dé òpin. Ẹ má ṣí ilẹ̀kùn àpótí, nítorí atẹ́gùn tó máa ya wọlé á sọ iná di ńlá. Ẹ má da omi sí i. Bí ẹ bá gbọ́ ariwo tó ń hó gùùgùù nínú òpó èéfín, tàbí tí ẹ rí iná lórí òrùlé, ẹ kó gbogbo ará ilé jáde, ẹ pe panápaná. Ẹ má tún dáná níbẹ̀ títí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà yóò fi yẹ gbogbo páìpù wò.

Bí nọ́ńbà bá ń ṣe ségesège

Bí kò bá kọjá 150°C bó ti wù kí ẹ kó igi tó, ó ṣeé ṣe kí omi ṣì pọ̀ nínú igi náà. Igi tí omi inú rẹ̀ ju ìdá 20 nínú 100 lọ ń ná ooru rẹ̀ sórí gbígbẹ omi. Ẹ la ọ̀kan, kí ẹ fi ẹ̀rọ ìdíwọ̀n omi kan ojú tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ara òde lè gbẹ nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tutù.

Bí nọ́ńbà kò bá wálẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ pa atẹ́gùn dé, okùn tó yí etí ilẹ̀kùn ká ló ṣeé ṣe kó ti jẹ. Ẹ fi pépà tẹ́ẹ́rẹ́ sí etí ilẹ̀kùn nígbà tí iná ti kú, ẹ tì í, ẹ fà á. Bó bá yọ láìlágbára, ẹ pààrọ̀ okùn náà.

Bó bá ń fò sókè-sódò lójijì, wáyà ló tú níbì kan. Bó bá wá ń lọ́ra sí i lọ́sẹ̀ẹ̀sẹ̀, ọ̀dà àti èédú ló bo orí ọ̀pá: ẹ yọ ọ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà ha á, kí ẹ sì dá a padà dé ojú àmì. Irú K máa ń yà kúrò lójú òtítọ́ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ooru púpọ̀, nítorí náà ẹ tún un dán wò nínú omi tó ń hó ní ìbẹ̀rẹ̀ àsìkò òtútù kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ òpó èéfín wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí wọ́n sì gbá a bí ọ̀dà bá ti nípọn tó mílímítà 3. Ẹ yọ ọ̀pá kúrò kí ẹni tó ń gbá a tó ti búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wálẹ̀, kí ẹ sì dí ihò náà títí iṣẹ́ á fi parí. Búrọ́ọ̀ṣì tó bá kọ́ ọ̀pá lábẹ́ ibẹ̀ lè ṣẹ́ ẹ, ó sì lè fa ihò ya.