Ẹ má pàtẹ́wọ́ sí i: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nípa ijó àwọn Basque

Ẹni tó bá pe ijó Basque ní "ijó Spéìn" ti ṣìnà kí ìlù tó dún. Euskal Herria ni àwọn tó ni ijó náà ń pe ilẹ̀ wọn. Agbègbè méje ni: mẹ́rin wà lábẹ́ Spéìn, mẹ́ta wà lábẹ́ Faransé. Ijó flamenco tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dà pọ̀ mọ́ ọn, Andalusia ní gúúsù ló ti wá, wọn kò bára tan. Nígbà ìjọba Franco, apàṣẹ wàá tó ṣàkóso Spéìn, wọ́n fòfin de àsíá wọn, ọdún 1977 ni òfin tó gbà á láyè padà. Èdè wọn, Euskara, náà jìyà. Ẹ ò wá rí ìdí tí ọ̀rọ̀ orúkọ fi ń dùn wọ́n.

Àṣìṣe tó ń dùn mí jù ni ti aurresku. Ijó ọ̀wọ̀ ni: wọ́n ń jó o níwájú ọkọ àti ìyàwó, níwájú àlejò pàtàkì, tàbí ní ìrántí ẹni tó ti kú. Lóde òní, ẹnì kan ṣoṣo ló sábà máa ń jó o. Yóò bọ́ fìlà, yóò tẹríba, yóò sì ju ẹsẹ̀ sókè tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú rẹ̀. Gbogbo èrò á dìde, wọ́n á dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn àlejò ńkọ́? Wọ́n á jókòó, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́ tẹ̀lé ìlù, wọ́n á máa hó yèè nígbàkúùgbà tí ẹsẹ̀ bá gòkè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ dìde, ẹ fi fóònù sápò, ìgbà tí ó bá parí ni kí ẹ tó pàtẹ́wọ́. Àwa Yorùbá gan-an ni mo sì ń bá wí níbi kejì yìí: ẹ má lọ lẹ owó mọ́ oníjó náà níwájú orí. Ní tiwa, owó ni a fi ń yẹ́ oníjó sí. Ní tiwọn, oníjó ló ń yẹ́ yín sí.

Àwọn tó ń kọ́ ọ nínú fídíò máa ń ju apá kiri. Nínú aurresku, apá wà ní ẹ̀gbẹ́, àyà dúró ṣánṣán, ẹsẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ijó wọn mìíràn, fandango àti arin-arin, ni apá ti ń gòkè tí ìka ń dún, àkọ́díọ̀nù àti ìlù pẹlẹbẹ pandero tó ní ṣaworo létí ni wọ́n sábà máa ń lò sí i. Ẹ má pa wọ́n pọ̀ mọ́ aurresku. Bí orin bá sì jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní zortziko, márùn-ún ni kí ẹ máa kà; ẹni tó bá ń ka mẹ́rin á já sílẹ̀. Bí ẹ bá lè rí afunfèrè, ẹ má fi orin inú fóònù rọ́pò rẹ̀. Ẹnì kan náà ló ń fi ọwọ́ òsì fun fèrè txistu oníhò mẹ́ta, tó ń fi ọ̀tún lu ìlù danbolin, ojú rẹ̀ sì wà lára oníjó. (X wọn ni ṣ wa, nítorí náà ẹ ka tx bí t àti ṣ tó lẹ̀ mọ́ra.)

Ní Zuberoa, ọ̀kan nínú agbègbè mẹ́ta tó wà lábẹ́ Faransé, Zamaltzain, oníjó tó ń ṣe bí ẹlẹ́ṣin, a máa gun orí ife wáìnì tó wà nílẹ̀, láìfọ́ ọ, nígbà tí ẹṣin onígi ìbàdí rẹ̀ ń dí i lójú. Ẹ má fi ife bẹ̀rẹ̀ láéláé. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ ẹsẹ̀ yẹn.

Ẹ má sì rò pé ọjọ́ tó wù yín lẹ lè lọ wò wọ́n. Ijó Kaxarranka ti ìlú Lekeitio, níbi tí oníjó ti ń jó lórí àpótí ẹgbẹ́ apẹja, 29 oṣù kẹfà ni. Ijó idà ti ìlú Zumarraga, 2 oṣù keje. Ìparí oṣù kìn-ín-ní ni àwọn joaldunak, ìyẹn àwọn alágogo, ti abúlé Ituren àti Zubieta máa ń jáde, pẹ̀lú awọ àgùntàn lára àti agogo ńlá ní ẹ̀yìn ìbàdí. Ẹsẹ̀ wọn ló ń jẹ́ kí agogo dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ẹ má kó wọ àárín ìlà wọn nítorí fọ́tò. Ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri títí ẹni ìkẹyìn yóò fi kọjá.