Ṣé Kí Ológbò Inú Ilé Máa Jáde? Ohun Tó Yẹ Ní Yíyẹ̀wò Kí Ẹ Tó Ṣílẹ̀kùn

Ológbò tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú fúláàtì ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn kì í pẹ́ mọ ibi tí ilẹ̀kùn àbájáde wà. Yóò jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́, yóò máa fi èékánná ha nẹ́ẹ̀tì, yóò sì máa ké títí àánú rẹ̀ yóò fi ṣe ẹni tó ni ín. Àwọn kan á ṣílẹ̀kùn nítorí àánú yẹn, àwọn mìíràn á tì í pa nítorí ìbẹ̀rù, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yẹ àyíká wò dáadáa. Èrò tèmi ni pé ní ọ̀pọ̀ àdúgbò tí èrò pọ̀ sí nílẹ̀ Yorùbá, kò yẹ kí a fi ológbò sílẹ̀ kí ó máa dá rìn káàkiri. Síbẹ̀, ó yẹ kí ó rí oòrùn, afẹ́fẹ́ àti koríko, ọ̀nà sì wà tí a fi lè fún un ní gbogbo èyí láìfi ẹ̀mí rẹ̀ wewu.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tó ń mú un ké. Abo ológbò tí kò tíì ṣe iṣẹ́ abẹ tí kì í jẹ́ kí ó bímọ mọ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá akọ láti ìgbà tó bá ti pé oṣù mẹ́rin. Yóò máa yí gbirigbiri nílẹ̀, yóò máa gbé ìdí sókè bí ẹ bá fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, igbe rẹ̀ lóru yóò sì yàtọ̀ pátápátá sí igbe ebi. Bí ẹ bá ṣílẹ̀kùn fún irú rẹ̀, oyún ni yóò gbé wálé, nígbà tó bá sì fi máa tó nǹkan bí oṣù méjì, ọmọ mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò wà nílẹ̀ tí ẹ ó máa wá ẹni tí yóò gbà wọ́n. Akọ tí wọn kò tẹ̀ lọ́dàá, ní tirẹ̀, yóò máa tọ̀ sára ògiri, yóò máa rìn jìnnà sílé, yóò sì máa bá àwọn akọ ẹgbẹ́ rẹ̀ jà. Nítorí náà, yálà ológbò yín yóò máa jáde tàbí kò ní jáde, ẹ jẹ́ kí dókítà ẹranko ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ná, kí ẹ sì fún un ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ tó tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn ni kì í yọ ilẹ̀kùn lẹ́nu mọ́.

Àìríṣẹ́ṣe náà máa ń mú ológbò ké. Ọdẹ ni ológbò, ara rẹ̀ sì máa ń yá gágá jù lọ ní ìdájí àti ní ìrọ̀lẹ́, àkókò tí àwa ń sùn tàbí tí a ń ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú àárẹ̀. Ẹ so ìyẹ́ adìyẹ mọ́ okùn, kí ẹ máa wọ́ ọ lọ wọ́ ọ bọ̀ níwájú rẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ jẹ́ kí ó rí i mú níkẹyìn, lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé oúnjẹ fún un. Ẹ kó okùn náà pamọ́ lẹ́yìn eré, torí pé okùn tí ológbò bá gbé mì lè dá egbò sí i nínú ìfun. Ẹ kan pákó pẹlẹbẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbi tí yóò ti máa wo ìta. Bí igbe náà bá rọlẹ̀, iṣẹ́ ló ń wá.

Bí kò bá rọlẹ̀, ẹ jáde lọ wo àgbàlá yín ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn ń wọ̀, nítorí pé àgbàlá tó dákẹ́ rọ́rọ́ lọ́sàn-án lè di nǹkan mìíràn nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Ẹ lóṣòó, kí ojú yín lè sún mọ́ ibi tí ojú ológbò ń wà. Ẹ wo àlàfo abẹ́ géètì: ibi tí orí ológbò bá ti gbà, ara rẹ̀ náà á sábà gbà á. Ẹ wo gọ́tà tó gba abẹ́ fẹ́ńsì kọjá, kànga tí kò ní ìdérí, àfọ́kù ìgò tí wọ́n rì sórí fẹ́ńsì, àti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, níbi tí ológbò máa ń wọ̀ sí láti yá ooru ẹ́ńjìnnì lálẹ́ òjò. Ẹ fetí sí ojú títì pẹ̀lú, nítorí pé ọlọ́kadà tàbí oníkẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń sáré kò lè rí ẹranko kékeré tó bá ṣàdédé já sí i lójú ọ̀nà. Kí ẹ sì bi ọlọ́dẹ léèrè ìgbà tí wọ́n ń tú ajá àgbàlá sílẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé, wọ́n á so ajá mọ́lẹ̀ tọ̀sán-tọ̀sán, wọ́n á sì tú u lálẹ́, ní wákàtí náà gan-an tí ológbò ń fẹ́ rìn.

Èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù lọ ni májèlé, nítorí pé ẹ lè dúró sínú àgbàlá yín títí kí ẹ má rí i. Eku ń dààmú gbogbo ilé, àwọn tó ń ta oògùn eku sì ń polówó rẹ̀ nínú ọjà, nínú mọ́tò àti lẹ́bàá títì. Oríṣi kan wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Eku tó bá jẹ ẹ́ kì í kú lójú ẹsẹ̀; ó lè lo ọjọ́ mélòó kan láyé, tí yóò máa rìn tàgétàgé ní ọ̀sán gangan, kò sì sí ológbò tí yóò rí irú eku bẹ́ẹ̀ tí yóò mójú kúrò. Ológbò tó bá pa á jẹ lè máa ṣeré lọ fún ọjọ́ bíi mélòó kan láìsí àmì kankan. Lẹ́yìn èyí ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́, tí erìgì rẹ̀ yóò funfun nini, tí ẹ̀jẹ̀ sì lè máa jáde nímú rẹ̀ tàbí nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Fítámì K1 ni dókítà ẹranko fi ń tọ́jú rẹ̀, ìtọ́jú náà sì lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Ọtapiapia yára ju ìyẹn lọ. Kẹ́míkà apakòkòrò tó ń jẹ́ dichlorvos ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, àwọn ènìyàn ń wọ́n ọn sí yàrá nítorí ẹ̀fọn àti aáyán, àwọn mìíràn sì ń dà á sórí ẹja gbígbẹ láti fi dẹ eku. Àjọ NAFDAC gbógun ti títa dichlorvos nínú ìgò kékeré ní ọdún 2019, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ná ọjà mọ̀ pé ọtapiapia ò tíì tán nílẹ̀. Ológbò tó bá jẹ ẹja bẹ́ẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í da itọ́ lẹ́nu, kí ó máa gbọ̀n, kí ó sì máa mí pẹ̀lú ìnira, kí wákàtí mélòó kan tó kọjá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rọ epo pupa tàbí mílíìkì sí i lọ́fun. Mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé nìyẹn, ṣùgbọ́n epo kì í pa oró yìí, ó sì lè ṣì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ẹranko tí kò lè gbé nǹkan mì dáadáa. Ẹ fi aṣọ dì í, ẹ mú páálí tàbí ìgò májèlé náà dání bí ẹ bá rí i, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà kíákíá.

Nítorí ọ̀rọ̀ májèlé yìí, ẹ lọ kí àwọn aládùúgbò yín lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó pinnu ohunkóhun. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kí wọn tán, ẹ bi wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ fi ń pa eku nílé yín?" Bí ilé kan ṣoṣo nínú àwọn tó múlé tì yín bá ń lo májèlé, ìdáhùn tèmi ni pé kí ológbò dúró sílé. Àbẹ̀wò kan náà ni yóò jẹ́ kí ẹ mọ ojú tí wọ́n fi ń wo ológbò. Ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń so ológbò pọ̀ mọ́ àjẹ́, pàápàá èyí tó bá dúdú tí wọ́n sì rí lórí òrùlé lóru, àwọn kan yóò sì jù ú lókùúta tàbí kí wọ́n da omi gbígbóná sí i lára. Ẹ má ṣe bá wọn jà lórí ìgbàgbọ́ wọn. Ẹ gbé ológbò náà dání lọ fi hàn wọ́n ní ọ̀sán, ẹ sọ orúkọ rẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn, kí ẹ sì fi bẹ́líìtì ọrùn aláwọ̀ títàn sí i, irú èyí tó ń já fúnra rẹ̀ bí ó bá há sórí igi, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù yín lára rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé ó ní olówó. Bí màmá tó ń gbé lókè bá sọ pé, "Mi ò fẹ́ rí i lẹ́nu ọ̀nà mi o," ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n sọ òtítọ́, kí ẹ sì gba ìdáhùn náà bí ó ṣe wà.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi kò ní àfidípò, nítorí pé bí àmì àrùn náà bá ti fara hàn, yálà lára ẹranko tàbí lára ènìyàn, ikú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń já sí nígbà gbogbo. Ológbò lè gbà á láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta, dókítà yóò sì sọ ìgbà tí yóò tún un gbà, èyí tó sábà máa ń jẹ́ lẹ́yìn ọdún kan. Ilé-ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, fún àwọn tó wà nítòsí. Bí ológbò ìta tàbí ajá bá bù yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì lọ sílé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bí aboyún bá wà nílé, kí ẹlòmíràn máa kó ìgbẹ́ ológbò kúrò nínú yanrìn tó ń yàgbẹ́ sí lójoojúmọ́, nítorí pé ológbò tó ń pa eku àti ẹyẹ jẹ lè kó kòkòrò toxoplasma, èyí tó lè ṣe ọmọ inú oyún ní jàǹbá.

Àwọn ará wa tó wà lókè òkun yóò ti ṣàkíyèsí pé ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ìṣe tirẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó wọ́pọ̀ kí ológbò máa gba ihò ilẹ̀kùn jáde bó ṣe wù ú, òfin sì ti sọ ọ́ di dandan láti ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà ọdún 2024 pé kí gbogbo ológbò tó ní olówó ní ike ìdánimọ̀ kékeré (microchip) lábẹ́ awọ kí ó tó pé ogún ọ̀sẹ̀; owó ìtanràn rẹ̀ lè tó 500 pọ́n-ùn. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ dókítà ẹranko á ní kí ẹ fi í sílé. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2013 fojú bù ú pé ó kéré tán, bílíọ̀nù kan ààbọ̀ dín díẹ̀ ẹyẹ ni ológbò ń pa níbẹ̀ lọ́dún, àwọn ológbò tí kò ní olówó ló sì ń pa èyí tó pọ̀ jù. Ẹyẹ tiwa náà yẹ ní rírò.

Ọ̀nà àárín ni mo máa ń gba àwọn ènìyàn níyànjú sí. Bí ẹ bá ní báńkóòní, ẹ pe wẹ́dà kí ó fi wáyà onihò kékeré bò ó láti ìsàlẹ̀ dé òkè, nítorí pé èékánná ológbò á ya nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn láìpẹ́. Ẹ má ṣe gbára lé ọ̀rọ̀ pé ológbò kì í ṣubú lulẹ̀ farapa. Bó tilẹ̀ fi ẹsẹ̀ balẹ̀, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè kán, àyà rẹ̀ sì lè bàjẹ́. Ẹ gbé ìkòkò koríko àti àpótí kan síbẹ̀, kí òjìji sì wà, pàápàá fún ológbò funfun, tí oòrùn lè fa jẹjẹrẹ sí létí. Ẹni tí kò ní báńkóòní lè ra okùn àyà (harness), èyí tí wọ́n ń dè mọ́ ológbò láyà láti fi mú un rìn. Ẹ gbé e sílẹ̀ nítòsí oúnjẹ rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ kí ó mọ òórùn rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ wọ̀ ọ́ fún un fún ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú ilé pẹ̀lú ẹran tó fẹ́ràn, kí ẹ sì máa fi kún àkókò náà díẹ̀díẹ̀. Ológbò lè kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ bí ẹni pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ. Ẹ má ṣe wọ́ ọ, yóò dìde fúnra rẹ̀. Ìgbà tó bá ti ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ nínú ilé ni kí ẹ tó mú un lọ sí àgbàlá.

Bí àgbàlá yín bá gba àgbéyẹ̀wò kọjá lóòótọ́, tí fẹ́ńsì ga, tí kò sí ajá, tí àwọn aládùúgbò sì fara mọ́ ọn, ológbò tó ti ṣe iṣẹ́ abẹ tó sì ti gba abẹ́rẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ilé náà, ẹ fi í sínú ilé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ná. Kí ebi díẹ̀ máa pa á nígbà tí ẹ bá tú u sílẹ̀, kí ẹ dúró tì í, kí ẹ máa fi ṣíbí lu agolo oúnjẹ rẹ̀ láti pè é padà, ohun tí ẹ ó ti fi kọ́ ọ nínú ilé tẹ́lẹ̀. Kí ó wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú, láìyọ ọjọ́ kan sílẹ̀. Ológbò tó fọ́jú, tó dití, tàbí tó ní FIV, kòkòrò tó ń sọ agbára tí ara ológbò fi ń gbógun ti àrùn di aláìlera, kò sí lára àwọn tí mò ń bá wí níbí o. Báńkóòní ni tiwọn.

Ẹ máa yẹ ìpinnu yín wò lóòrèkóòrè. Bí ó bá ń tiro wálé, bí ojú ìgéjẹ bá wà lára rẹ̀, bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fara pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tàbí tí ẹ gbọ́ pé ilé kan ti ra oògùn eku, ẹ ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì fi kún eré ìrọ̀lẹ́ rẹ̀, torí pé igbe yóò tún bẹ̀rẹ̀, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó gbà fún yín.